Bàbá Ti Sinmi

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án

Mo ti di ìyàwó! Mo ti di ìyàwó ilé! Mo ra ìwé yìí ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ibi iṣẹ́ mi nítorí pé ayọ̀ inú mi ti ju ohun tí ẹnu lè sọ lọ, àwọn tí a sì jọ ń ta búrẹ́dì ti ní kí n má fi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó pa àwọn. Ọkọ mi ń sun oorun ọ̀sán. Ó ń hanrun bí ẹ̀rọ tó ń lọ ata, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Yàrá wa kò gbà ju bẹ́ẹ̀dì kan àti àga kan lọ, ṣùgbọ́n oòrùn àárọ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé wá bá wa lórí ibùsùn bí àlejò tí kò mọ ìtìjú.

Ìyá ọkọ mi ló ni ilé. Àbúrò ọkọ mi obìnrin, tó ti lo ọdún méjì ní yunifásítì, mo sọ ọ́ ní Ìdílẹ̀kẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Àbígbẹ̀yìn wọn, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sí yunifásítì kan náà, mo sọ ọ́ ní Agùntáṣọọ́lò, nítorí ó gbọ́dọ̀ tẹ orí ba kó tó wọ ilé ìdáná. Mi ò jẹ́ pe orúkọ wọn, ilé ni mo bá wọn. Mò ń sọ "ẹ" sí wọn, àwọn náà ń sọ "ẹ" sí mi, ọkọ mi ní ilé àwọn ti di ààfin.

Bàbá nìkan ni mi ò bá. Wọ́n ti sinmi lọ́dún tó kọjá, kí èmi àti ọkọ mi tó mọra. Nígbà tí ìgbéyàwó wa kù sí dẹ̀dẹ̀, ó mú mi lọ síbi tí wọ́n sin wọ́n sí, a tu koríko ibẹ̀, ó sì ní, "Má sọ fún Ìyá pé a wá síbí o."

Mo ní kí ló dé.

Ó ní, "Má sáà sọ."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Òjò dé lójijì láàárọ̀, aṣọ sì wà lórí okùn. Mo sáré ti ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ó bá mi mu géérégé. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé inú rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ìgbà tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ.

Nígbà tí mo fi máa kó aṣọ wọlé, gbogbo wọn ti dúró sílé ìdáná, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ mi. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Ìdílẹ̀kẹ̀. Ìyá ní, "Bọ́ ọ." Wọn ò pariwo. Wọ́n gba bàtà náà, wọ́n fi etí ìró wọn nù ún, wọ́n sì dá a padà síbi tó wà, pẹ̀lú imú rẹ̀ tó kọjú síta, bí bàtà ẹni tó fẹ́ jáde.

Ọkọ mi ṣàlàyé fún mi nígbà tó sìn mí lọ síbi iṣẹ́. Bàtà iṣẹ́ Bàbá ni. Ilé-iṣẹ́ omi ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, àwọn ló ń tún páìpù abẹ́ títì ṣe. Ó ní, "Ẹsẹ̀ Bàbá kéré. A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹsẹ̀ ìyàwó ni wọ́n ní." Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ mi mú dé ẹnu ọ̀nà ilé búrẹ́dì lójú gbogbo ayé! Kí ni mo tún ń wá?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Èmi àti Ìyá ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí fóònù wọn dún. Ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ yunifásítì ni, wọ́n fẹ́ mọ bí ilé ṣe rí kí wọ́n tó pinnu iye tí wọn yóò fún Agùntáṣọọ́lò. Ìyá kì í gbé fóònù sún mọ́ etí, wọ́n ní ó ń jẹ àwọn létí, nítorí náà igbe ni wọ́n ń ké.

"Ẹ̀gbọ́n wọn àgbà? Jórinjórin ni... Ó ti gbéyàwó, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e ni! Bẹ́ẹ̀ ni, ìyàwó ń ṣiṣẹ́ o, ilé búrẹ́dì ńlá ni, kì í ṣe ọmọ tó ń ká ọwọ́ lẹ́rán... Nínú ilé kan náà ni gbogbo wa wà."

Èmi ni wọ́n ń yìn bẹ́ẹ̀! Mo tẹ orí ba sínú ẹ̀wà kí wọ́n má rí eyín mi.

"Bàbá wọn? Wọ́n ti sinmi... Bẹ́ẹ̀ ni, lọ́dún tó kọjá... Ilé-iṣẹ́ omi ni, láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn... Àmín. Àmín o. Ẹ ṣeun, ọmọ dáadáa."

Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Obìnrin yẹn mà mọ ọ̀rọ̀ sọ o. Ó ní kí Bàbá jẹ èrè iṣẹ́ wọn pẹ́."

Èmi náà ṣe àmín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Fúláwà tún ti gbówó lórí. Ọ̀gá wa kò fi kún owó búrẹ́dì, ó dín in kù ni, ó ní àwọn oníbàárà kò ní mọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé gbé e sọ́wọ́, ó ní, "Ìyàwó, ṣé búrẹ́dì yìí ń gbààwẹ̀ ni?"

Ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé ń jò. Tó. Tó. Tó. Mo na ọwọ́ kí n fún un pa, Ìdílẹ̀kẹ̀ di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ìyàwó wa. Bàbá ló máa ń ṣe é."

Kò ní "tẹ́lẹ̀". Mo dúró kó sọ ọ́, kò sọ ọ́.

Nígbà tí mo bu oúnjẹ alẹ́ tán, Ìyá wo orí tábìlì, wọ́n ní, "Ó ku ẹnìkan." Mo wo ojú ọkọ mi. Ó dìde, ó fúnra rẹ̀ gbé abọ́ kan sí i. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó wò ó. Àfi èmi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Èsì owó ìrànwọ́ dé. Ọkàn mi kò tíì balẹ̀.

Láti ọjọ́ tí Ìdílẹ̀kẹ̀ ti wọ yunifásítì, kò san eépìnnì rí. Owó ilé-ìwé, owó yàrá, owó ìwé, owó oúnjẹ pàápàá, wọ́n ń san án. Agùntáṣọọ́lò, ọmọ ìyá rẹ̀, ọmọ bàbá rẹ̀, owó ìwé nìkan ni wọ́n fún un, kò sì tó ra gbogbo ìwé. Bí ìyókù kò bá wọlé kí ọjọ́ kẹrin oṣù tó ń bọ̀ tó kọjá, àyè rẹ̀ ti bọ́ nìyẹn.

Ó dúró láàárín pálọ̀, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gílóòbù.

"Kí ni mo fi ṣe wọ́n?"

Ìdílẹ̀kẹ̀ ní, "O ò fi nǹkan kan ṣe wọ́n."

"Èsì ìdánwò mi dára ju tìẹ lọ!"

"Kì í ṣe ìdánwò ni wọ́n ń wò. Ilé ni wọ́n ń wò."

"Ilé wo? Ilé tèmi yàtọ̀ sí tìẹ ni? Àbí abẹ́ afárá ni wọ́n ti he èmi?"

Ọkọ mi ní kó rọra. Kò rọra. Ó ní, "Nígbà tí wọ́n wo ilé nítorí tìẹ, Bàbá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ilé-iṣẹ́ omi ti dá wọn dúró, wọ́n ń wúkọ́ tọ̀sán-tòru. Ikọ́ Bàbá ló sanwó ilé-ìwé ẹ. Kí ni èmi ní tí wọ́n lè wò? Kí ló tún yí padà nínú ilé yìí?"

Kò wo ojú mi. Ilẹ̀ ló ń wò, ibi tí ẹsẹ̀ mi wà gan-an.

Ìyá yọ sí wọn láti ilé ìdáná. Wọ́n ní, "Ẹ rẹ ohùn sílẹ̀. Bàbá ń sinmi."

Gbogbo wọn rẹ ohùn sílẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Onídìrí ìta wa ń di irun fún mi, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹsẹ̀ ẹ ńkọ́? Ṣé ó tù wọ́n lára?" Eré ló ń ṣe. Mo fa ìró mi sílẹ̀ bo ẹsẹ̀ mi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo tètè dé láti ibi iṣẹ́. Mo gbọ́ ikọ́ nínú yàrá ẹ̀yìn, ikọ́ tó jinlẹ̀, tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn. Mo ní, "Agùntáṣọọ́lò, ẹ pẹ̀lẹ́ o! Ṣé kí n po oyin mọ́ omi gbígbóná fún yín?" Kò dáhùn. Mo rò pé ó ṣì ń bínú. Mo pò ó, mo gbé e lọ. Yàrá ṣófo. Bẹ́ẹ̀dì wà ní títẹ́, kò sí ẹni tó jókòó sí i.

Bí mo ṣe dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ife lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ohùn Agùntáṣọọ́lò níta, ó ń kí onídìrí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti ìgboro.

Mo mu omi oyin náà fúnra mi. Ọkọ mi ní etí ìyàwó titun ló ń ṣe mí. Ó fi ẹnu kò mí létí, ó ní òun ti wò ó sàn. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Ọkọ mi ní géètì tó gbọ́dọ̀ jó parí, nítorí náà èmi àti Ìdílẹ̀kẹ̀ la lọ sí ọ́fíìsì owó ìrànwọ́. Èrò pọ̀. Obìnrin tó wà lójú fèrèsé gíláàsì so awò ojú rẹ̀ mọ́ ẹ̀wọ̀n wúrà, ó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Àwọn ọmọ yunifásítì ń pè é ní Màdámù Fèrèsé.

Ìdílẹ̀kẹ̀ ní, "Màdámù, èmi àti àbúrò mi, ọmọ ìyá kan náà ni wá. Kí ló dé tí tèmi fi kún, tí tirẹ̀ gbẹ?"

Ó ṣí fáìlì méjèèjì, ó gbé wọn síra wọn. "Orúkọ ìdílé kan náà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé kì í dúró sójú kan, àǹtí mi. Ọdún tí a wo ilé fún yín, bàbá ń ṣàìsàn, kò sí owó oṣù, ẹ̀gbọ́n yín ṣì ń kọ́ṣẹ́. Ní báyìí, ẹ̀gbọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ó ti gbéyàwó, ìyàwó náà ń gbowó oṣù, inú ilé kan náà ni wọ́n wà."

Mo ní, "Èmi ni ìyàwó."

"Ẹ kú oríire!" Ó rẹ́rìn-ín sí mi tọkàntọkàn. "Bàbá sì rèé. Ara wọn ti yá, wọ́n ti sinmi, owó ìfẹ̀yìntì ilé-iṣẹ́ omi ni wọ́n ń gbà. Iṣẹ́ omi mà sanwó fún àwọn tó bá pẹ́ níbẹ̀ o! Ilé yín ti dára. Ó yẹ kẹ́ ẹ dúpẹ́ ni."

Ìdílẹ̀kẹ̀ la ẹnu. Ọ̀rọ̀ kò jáde.

Mo ní, "Màdámù, wọ́n ti sinmi... wọ́n sinmi pátápátá."

Ó ní, "Ẹ ṣé, mo gbọ́. Tó bá ti jẹ́ pátápátá, owó wọn pé nìyẹn, kì í ṣe ìdajì."

Ẹni tó wà lẹ́yìn wa rẹ́rìn-ín. Mo fi ẹnu mọ́ ihò gíláàsì náà, mo ní, "Màdámù. A sin wọ́n."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Yéè." Nígbà tó yá, ó tún ní, "Mo mà ní kí wọ́n jẹ èrè iṣẹ́ wọn pẹ́."

Ó bẹ̀ wá títí. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí Ìyá sọ ni wọ́n kọ, wọ́n sì ti fi òǹtẹ̀ lù ú. Ìyá fúnra wọn ló gbọ́dọ̀ wá sọ ọ́ lójú òun, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ìyàwó ò lè bá wọn sọ ọ́, ọmọ ò lè bá wọn sọ ọ́.

Ohùn Ìdílẹ̀kẹ̀ padà dé. "Ẹ gbé tèmi fún un nígbà náà. Màá dúró sílé lọ́dún yìí."

Màdámù Fèrèsé mi orí. "Owó ìrànwọ́ kì í ṣe ẹ̀wù tí ẹ̀gbọ́n ń bọ́ fún àbúrò. Ẹni tí wọ́n rán an fún ló bá mu. Ẹ bá kúrò nílé-ìwé, tiyín á wọmi, tirẹ̀ ò sì ní pọ̀ sí i."

Nígbà tí à ń bọ̀ nílé, èmi àti Ìdílẹ̀kẹ̀ yà sí àdúgbò wa. Ó wá ní, "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé wọn jáde, kò sẹ́ni tó tíì sọ ọ́ nínú ilé wa. Mo rò pé nítorí Ìyá ni. Mi ò mọ̀ pé èmi gan-an ò lè sọ ọ́."

Mo ṣí ìwé yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi náà ò tíì kọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́

Ọkọ mi ló sọ fún Ìyá. Ó kúnlẹ̀, ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ gbé irin ọ̀pá géètì! Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ara mi kò gbà kí n lọ, kò sì gbà kí n wọlé.

Ìyá ní, "Mi ò purọ́ fún wọn. Mo ní wọ́n ti sinmi."

"Ìyá, wọ́n rò pé wọ́n fẹ̀yìn tì ni."

"Ohun tí wọ́n rò kò kàn mí."

"Àbúrò mi ò ní lè wọlé, Ìyá. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè tún un sọ. Ọ̀rọ̀ kan péré ni."

Mo gbọ́ ẹ̀rọ omi láti ẹ̀yìnkùlé. Tó. Tó. Wọ́n wá ní, "Ṣé ẹnu èmi lẹ fẹ́ kí n fi pa bàbá yín?"

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Ọkọ mi fi àjókù irin ṣe ibi tí màá máa gbé díńgí mi kọ́ sí, ó tẹ̀ ẹ́ bí ewé, iná jó àtàǹpàkò rẹ̀ níbi tó ti ń ṣe é. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ń dà mí láàmú.

Mo ní kí n fiṣẹ́ sílẹ̀, bóyá wọn á yọ owó mi kúrò nínú ìṣirò ilé. Ó ní, "Kí o fiṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè fún wa lówó tó kéré sí owó iṣẹ́ tí o fi sílẹ̀? Ta ló kọ́ ẹ ní ìṣirò?"

Mo ní, "Ẹsẹ̀ mi ni."

Ó gbé ẹsẹ̀ mi méjèèjì lé itan rẹ̀, ó wò ó síwá sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ rà á. Ó ní, "Kò sí ohun tó ṣe é. Ó kàn ń fẹ́ fífọ̀ ni." Mo fi ìrọ̀rí lù ú.

Lẹ́yìn náà ló ní, láìrẹ́rìn-ín, "Bàbá ì bá fẹ́ràn rẹ." Mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ ń wọ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa. Ìyá ni. Mo gbà pé Ìyá ni.

Ọjọ́ Ajé, ọgbọ̀njọ́

Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́.

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Agùntáṣọọ́lò ti ń gbé àpò fúláwà nílé búrẹ́dì wa. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá ọ̀gá wa. Ó ní tí yunifásítì ò bá gbà á, yunifásítì búrẹ́dì ti gbà á. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Fúláwà náà ń wọ̀ ọ́ lọ́fun.

Lónìí a jọ padà sílé. Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ kó lè gbọn ara rẹ̀ kó tó wọlé, èmi gba iwájú. Ìyá wà nídìí ààrò. Ikọ́ dé láti ẹ̀yìn, èyí tó jinlẹ̀ yẹn, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn. Mo rí ojú Ìyá. Mi ò tíì rí ojú kankan tó là bẹ́ẹ̀ rí. Àfi bí ọmọge! Wọ́n ju ṣíbí sílẹ̀, wọ́n tún gèlè wọn ṣe, wọ́n lọ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Ẹ káàbọ̀," ni wọ́n wí. "Ẹ mà pẹ́ o."

Agùntáṣọọ́lò ló dúró síbẹ̀, ó funfun láti orí dé ẹsẹ̀, ó di ògiri mú, ó ń wúkọ́.

Ìyá na ọwọ́ sókè, ọ̀nà jìn, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nu fúláwà kúrò ní iwájú orí rẹ̀, ní ojú rẹ̀, ní ẹnu rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá ènìyàn lábẹ́ eruku. Wọ́n ní, "Ìwọ ni."

Ó ní, "Èmi ni, Ìyá."

"Láti ìgbà wo lo ti ń wúkọ́ báyìí?"

"Fúláwà ni, Ìyá. Á mọ́ mi lára."

Wọ́n ní, "Bí tiwọn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní eruku títì ni. Wọ́n ní á mọ́ àwọn lára."

Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó. Nígbà tí mo bu oúnjẹ, mo gbé abọ́ tó ṣẹ́ kù síbi tó máa ń wà. Ìyá wò ó pẹ́. Wọn ò ní kí n gbé e kúrò. Wọ́n ní, "Ìyàwó, aago mélòó ni wọ́n ń ṣí fèrèsé yẹn?"

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá

Ìsinmi ìjọba ni àná, òní ni gbogbo wa lọ. Ìyá we gèlè funfun.

Nígbà tó kàn wá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ihò gíláàsì. "Èmi ni mo bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù."

Màdámù Fèrèsé dìde lórí àga rẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ kàn fọwọ́ síbí, kò pọn dandan kẹ́ ẹ—"

Ìyá ní, "Ẹ bi mí bí ẹ ṣe bi mí lọ́jọ́ yẹn."

"Mà?"

"Ẹ bi mí."

Obìnrin náà ní, "Bàbá wọn ńkọ́, mà?"

Ìyá la ẹnu, wọ́n pa á dé. Ọkùnrin kan lẹ́yìn ní, "Ìyá, ẹ bá wa ṣe é kíá, oòrùn ń pa àwa náà." Ìyá kò tilẹ̀ yíjú. Wọ́n ní, "Dúró, ọmọ mi. Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń dúró de èmi náà ló ń dúró dè ọ́."

Wọ́n wá sọ ọ́.

"Ó kú."

Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn, "wọ́n" ni Ìyá ń pe Bàbá. Wọn ò fẹ́ràn iyọ̀ púpọ̀. Wọ́n ń sinmi. Ẹ má jókòó sórí àga wọn. Mi ò gbọ́ "ó" rí. Lójú fèrèsé yẹn, "wọ́n" ti lọ, ó ku "ó", ó ku ọkùnrin kan ṣoṣo.

"Ọkọ mi kú. Ó kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní òwúrọ̀, ó ń bèèrè bàtà rẹ̀. Ó ní òun á pẹ́ níbi iṣẹ́. Mo ní kó sinmi."

Ìdílẹ̀kẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún, lẹ́yìn náà Agùntáṣọọ́lò, tó ga ju gbogbo èrò lọ, tí kò sí ibi tó lè fi ojú pamọ́ sí. Ọkọ mi di apá mi mú, ó dùn mí, mi ò yọ ọ́. Ìyá nìkan ni kò sunkún. Wọ́n mú bírò, wọ́n fọwọ́ sí i.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta

Ìyá ń sunkún. Láti àná. Ọkọ mi ní ká fi wọ́n sílẹ̀, ó ní ẹkún ọdún tó kọjá ni.

Bàbá kú. Mo ti kọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrin

Ó wọlé!! Agùntáṣọọ́lò wọlé!! Wọ́n san owó ilé-ìwé, wọ́n san owó yàrá! Mo fò mọ́ ọkọ mi lọ́rùn nínú ilé iṣẹ́ wọn, ọmọṣẹ́ rẹ̀ ní kí n rọra, kí iná má jó ìyàwó ọ̀gá òun.

Kò tó ti Ìdílẹ̀kẹ̀. Owó oúnjẹ kò sí níbẹ̀. Màdámù Fèrèsé ṣàlàyé: àwọn méjì ló wà ní yunifásítì báyìí, ìyẹn ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n owó ẹ̀gbọ́n àti owó ìyàwó ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n yọ Bàbá kúrò nínú ilé, wọn ò yọ èmi. Ìyókù tó kù, búrẹ́dì ni yóò san án. Mo sọ fún Agùntáṣọọ́lò pé tí búrẹ́dì bá ń gbààwẹ̀, òun náà á máa bá a gbà á.

Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ilé ìdáná. Ó ní, "Ẹ má bínú pé mo wo ẹsẹ̀ yín."

Mo ní, "Ẹ dìde, ọkọ mi kékeré, ẹ ti dí ọ̀nà."

Nígbà tí wọ́n ń di ẹrù, mo gbọ́ tó ń sọ fún Ìdílẹ̀kẹ̀ pé, "Ikọ́ Bàbá ló san tìẹ. Ikú Bàbá ló san tèmi." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìdílẹ̀kẹ̀ ní, "Bàbá kan náà ni." Wọ́n ń bá ẹrù wọn lọ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà

Wọ́n ti lọ. Ọkọ mi fún ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé pa. Mo rò pé màá gbádùn ìdákẹ́jẹ́ náà. Èmi àti Ìyá jókòó ní pálọ̀, àwa méjèèjì ń dẹ etí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje

Òjò láti ìdájí. Mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá wa kí n lè lọ síbi iṣẹ́, bàtà rọ́bà náà wà lẹ́nu ọ̀nà. Imú rẹ̀ kọjú sí mi.

Mo ní, "Ìyá, bàtà Bàbá rèé."

Wọ́n wà nílé ìdáná, wọ́n ń fọ abọ́. Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ó kú, bàtà rẹ̀ ò kú. Ẹsẹ̀ rẹ ló gbà á, wọ̀ ọ́."

Mo jókòó sílẹ̀, mo ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Oòrùn kò yọ láti ọjọ́ Ẹtì. Ọwọ́ Ìyá wà nínú omi tútù. Inú bàtà náà lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Mi ò sọ fún wọn. Mo dìde, mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ, Bàbá," mo sì bọ́ sínú òjò.